Ọmọ Tó Kó Ṣíbí Mọ́ Gèlè

Ẹni tó bá sọ pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni kíkọ́ ọmọ kékeré, ẹ mú un wá kí n rí i. Ẹ jẹ́ kó dúró níwájú ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́ta ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kí ikun máa ṣàn nímú ìdajì wọn, kí ẹnì kan máa jẹ ẹ̀pà lábẹ́ bẹ́ǹṣì, kí ẹlòmíràn ti tọ̀ sára, kó wá bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni à ń pè ní ohun èlò?" Kó tó di aago mẹ́wàá, á gbà pé iṣẹ́ oko sàn.

Èmi ṣe é. Ọmọ Ayépé ni mí, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n gbé mi sí nígbà tí mo parí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ní àwọn ọdún tí ìjọba fi ẹ̀kọ́ ṣe ọ̀fẹ́, tí ọmọ pọ̀ ju bẹ́ǹṣì lọ ní gbogbo kíláàsì. Ọdún kejì tí mo dé ibẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mi ò tíì lọ́kọ, mo rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹnu mi mú, ọwọ́ mi sì yá. Ìyá mi máa ń sọ pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀gbẹ́ iná ni mo bí ọ sí." Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ńṣe ni inú á tún bí mi sí i.

Kíláàsì kìn-ín-ní ni wọ́n fún mi. Ní sáà kẹta, ẹ̀kọ́ tó kàn ni bí ọmọ ṣe ń ṣa ọ̀rọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀: èyí jẹ́ oúnjẹ, èyí jẹ́ aṣọ, èyí jẹ́ ohun èlò. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tí nǹkan jẹ́. Tí mo bá ní, "Kí ni abẹ̀bẹ̀?" mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé, "Abẹ̀bẹ̀ wà nílé wa." Mo fẹ́ gbọ́ pé, "Abẹ̀bẹ̀ ni ohun èlò tí a fi ń fẹ́ ara wa nígbà ooru." Kọ́kọ́ sọ ẹgbẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà, sọ ohun tí òun nìkan ń ṣe láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ lè rò pé nǹkan kékeré ni. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́fà.

Mo bi wọ́n léèrè ohun tí ẹ̀bà jẹ́. Ọ̀kan na ọwọ́, ó ní, "Ẹ̀bà ni oúnjẹ tí kì í tán nílé wa." Mo bi wọ́n ní pọ́líìsì. "Pọ́líìsì ni ènìyàn tí bàbá mi máa ń kí dáadáa." Mo yíjú sí pátákó kí wọ́n má baà rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín. Ìkọ́kọrẹ́ ńkọ́? Ọmọkùnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká dìde, ó ní, "Ìkọ́kọrẹ́ ni oúnjẹ tí màmá mi máa ń sè tí wọ́n bá fẹ́ bẹ bàbá mi." Ta ló fẹ́ sọ pé kò gbà á? Ó sọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo fún un ní máàkì rẹ̀ gbogbo. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ yẹn, kí n má purọ́. Ohùn mi ló le, inú mi ò le tó bẹ́ẹ̀.

Ìwé ò tó, àwòrán ò sí, ni mo bá ra apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ obìnrin ará Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ kan tó máa ń kiri lẹ́yìn ilé ìwé wa. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú nǹkan méjì wá láti ilé, kí á lè fi ọwọ́ gan-an ṣà wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀. Háà! Lọ́jọ́ kejì, kíláàsì mi di ọjà. Ṣíbí, gèlè, ọsàn, abẹ, ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan, fìtílà, ẹ̀gẹ́ tí iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀kan gbé adìẹ wá láàyè. Mo ní, "Adìẹ wo nìyí?" Ó ní, "Oúnjẹ ni, mà." Èyí tó jókòó tì í ní, "Irọ́ ló pa, ẹyẹ ni." Wọ́n fẹ́ẹ̀ jà. Adìẹ náà sì yàgbẹ́ sórí tábìlì mi ká tó parí ìjíròrò.

Láàárín gbogbo ariwo yìí, ọmọbìnrin kan wà tí kì í sọ̀rọ̀. Ara ògiri ló máa ń jókòó sí, ní ìlà kejì, ọmọ kékeré tí ojú rẹ̀ tóbi. Tí mo bá pè é, á dìde, á wò mí, á dákẹ́. Kì í ṣe pé ó ń sunkún, kì í ṣe pé ó ń bẹ̀rù tó ń gbọ̀n. Ó kàn ń wò ni. Ìyẹn gan-an ló máa ń bí mi nínú.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì kọjá ti kíláàsì. Nígbà tí sáà kẹta bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ̀ wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, ó sì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyàwó kẹta ni nílé Àlùhájì kan tó ń ta pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ní àbúrò ọkọ òun kan tó wà l'Ékòó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ń wá ọmọ tí yóò máa bá a gbé e, tí yóò máa fọ aṣọ ọmọ. Àlùhájì sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo ilé pé tí ọmọbìnrin yìí ò bá bọ́ sí kíláàsì kejì, ìwé ò sí lórí rẹ̀ nìyẹn, kó máa lọ bá wọn l'Ékòó.

"Tíṣà," ó ní, ó sì di ọwọ́ mi mú, "ẹyọ kan péré tí mo ní nìyẹn. Ẹni tó bá lọ sọ́dọ̀ obìnrin yẹn kì í tètè padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tì í gòkè. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú un lọ."

Obìnrin tó lè bí mi lọ́mọ ló ń bẹ̀ mí báyìí. Mo ní, "Ẹ fi ọkàn balẹ̀, mà. Á gòkè." Ẹnu mi ti yá jù, ẹ rí i? Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa ṣe é.

Ìjọba sọ pé kí gbogbo ọmọ máa gòkè láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà wa, obìnrin tí bàtà rẹ̀ máa ń dún kó tó dé, ní tirẹ̀ ìjọba ò sí nínú kíláàsì. Ọmọ tí òye rẹ̀ bá ń ṣe wá níyèméjì, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń pè é sí ọ́fíìsì lópin sáà. Á bi í ní ìbéèrè díẹ̀. Tó bá gbà á, á kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé kíláàsì kejì. Tí kò bá gbà á, á tún kíláàsì kìn-ín-ní ṣe, kò sí ẹ̀bẹ̀. Mo ti mú orúkọ ọmọ mẹ́rin fún un. Ọmọbìnrin yìí ló ṣáájú.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, mo tẹ́ ẹní sí àárín kíláàsì, mo to nǹkan bí ogún lé e lórí lára àwọn tí àwọn ọmọ mú wá, mo pe ọmọbìnrin náà jáde. Mo ní, "Ó dáa, ṣa ohun tó bára mu síbì kan. Ẹgbẹ́ ẹyẹ lẹyẹ ń wọ́ tọ̀." Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n. Kò ronú, kò dúró. Ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé ayọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú mi. Nígbà tí mo wá wo ohun tó ṣe, ó ti kó ṣíbí mọ́ gèlè. Ó kó ẹ̀pà mọ́ bàtà. Ó kó ọsàn mọ́ ìbọ̀sẹ̀. Méjì-méjì, ó tò wọ́n lọ títí, gbogbo rẹ̀ gún régé, kò sí èyí tó bójú mu.

Mo ní, "Kí lèyí? Ṣé gèlè lo fẹ́ fi ṣíbí bù jẹ ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó wò mí. Mo da gbogbo rẹ̀ rú, mo ní, "Tún un ṣe. Ohun tó bára mu!" Ó tún un ṣe. Ṣíbí pẹ̀lú gèlè. Ẹ̀pà pẹ̀lú bàtà. Kò yí ẹyọ kan padà. Mo tún un dàrú nígbà kẹta, ó tún kó wọn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó sì tún gbójú sókè wò mí bí ẹni tó ń dúró kí n sọ pé ó ṣeun.

Ìbínú gbé mi. Lójú mi, oríkunkun ni. Ọmọ yìí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mú pàṣán, mo ní kó na ọwọ́, mo nà án mẹ́ta ní àtẹ́lẹwọ́. Kò ké. Ó fi ọwọ́ náà sí abíyá, ó sì padà sí ìjókòó rẹ̀. Ẹ̀rín tí àwọn ọmọ ń rín ti dá. Nígbà ìsinmi, mo rí i níbi omi tó ń gbìyànjú láti fi ọwọ́ òsì gbé ife mu omi, tí omi ń dà sí i láṣọ. Mo wọ kíláàsì lọ, mo jókòó, mi ò lè jẹ mọ́ínmọ́ín tí mo rà.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sílé wọn, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ibefun. Mo ń sọ fún ara mi pé mo fẹ́ lọ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni. Irọ́ ni. Ọwọ́ ọmọ yẹn ni mo fẹ́ lọ wò.

Àlùhájì ò sí nílé, Ìjẹ̀bú-Igbó ló máa ń wà títí di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá àwọn ìyàwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan gààrí. Èéfín gba ibẹ̀ kan, òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan gba ọ̀nà ọ̀fun mi. Bí ìyá ọmọ náà ṣe rí mi, asẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé wọ́n ti lé ọmọ òun ni. Mo yára sọ pé, "Kò sí nǹkan, mà. Mo kàn wá kí yín ni." Ìyáálé, obìnrin sísanra kan tí ẹnu rẹ̀ dùn, pàṣẹ kí wọ́n gbé àpótí wá kí n fi jókòó. Wọ́n ní kí n dúró kí iṣẹ́ parí, àwọn á wá gbọ́ tèmi.

Iṣẹ́ parí. Wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ jọ sójú kan, wọ́n fọ̀ ọ́ pọ̀: asẹ́, igbá, korobá, abọ́ tánganran, ṣíbí, aṣọ tí wọ́n fi ń bo gààrí. Òkìtì ńlá kan, ohun gbogbo ní mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n sì jọra wọn. Ìyáálé wá nahùn, ó pe orúkọ ọmọbìnrin náà. Ó jáde láti inú ilé. Ó rí mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì lọ jókòó ti òkìtì yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Asẹ́ kan lọ sápá ọ̀tún, ṣíbí kan tẹ̀lé e, igbá kan tẹ̀lé e, aṣọ ìbogààrí kan bò wọ́n. Asẹ́ kejì lọ sí àárín, ṣíbí tẹ̀lé e, korobá tẹ̀lé e. Ọwọ́ rẹ̀ yá bó ṣe yá lórí ẹní mi láàárọ̀, ṣíbí mọ́ aṣọ, igbá mọ́ korobá.

Mo sún àpótí mi sítòsí. Mo ní, "Báwo lo ṣe mọ̀ pé kí o kó ṣíbí yìí mọ́ asẹ́ yẹn?"

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa nìyẹn. Ó ní, "Ti Ìyá Àgbà ni, mà."

"Èyí ńkọ́?"

"Ti Màmá Àárín. Ibi tó jóná yìí, nígbà tí wọ́n gbé e lé ààrò ni."

Mo ní, "Ní àárọ̀ yìí, ní ilé ìwé, ṣíbí àti gèlè tí o kó pọ̀ ńkọ́?"

Ó ní, "Ti ọmọ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni, mà. Òun ló mú méjèèjì wá. Ẹ̀pà àti bàtà, ti ọmọ tí eyín rẹ̀ ká ni."

Mo gbé ọwọ́ lé orí. Gbogbo nǹkan tí àwọn ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́ta mú wá, tí èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ ò mọ ẹni tó ni ìdajì rẹ̀, ọmọ yìí rí i lẹ́ẹ̀kan, ó mọ gbogbo rẹ̀. Mo ní kó kó ohun tó bára mu pọ̀. Ó kó o. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ohun tó bára mu ni ohun tí ẹnì kan náà ni.

Ìyáálé rí ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ẹ má wò ó bẹ́ẹ̀. Òun ló ń bá wa tún ilé yìí ṣe. Gààrí tèmi ní bó ṣe máa ń kan, tiwọn náà ní bó ṣe máa ń kan. Àwọn oníbàárà wa mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Tí asẹ́ bá ṣèèṣì dàrú, gààrí dàrú nìyẹn. Ìgbà kan wà tí èmi àti Màmá Àárín ò kí ara wa fún oṣù mẹ́ta nítorí asẹ́ kan ṣoṣo. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti ń pín in fún wa, ta ló tún gbọ́ ariwo nílé yìí?"

Màmá Àárín náà ní, "Àní sẹ́! Ọmọ ọlọ́gbọ́n ni."

Ìyá tó bí i ńkọ́? Ó ń wo ẹnu mi, bóyá èmi náà á sọ pé ọlọ́gbọ́n ni. Mi ò lè sọ ọ́.

Nígbà tí ọmọ náà gbé igbá lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ fọwọ́, mo tẹ̀lé e. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, àgbà kì í bẹ ọmọdé, áńbèlètasé tíṣà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo ṣí i. Ìlà pupa mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Má bínú. Mo nà ọ́ láìṣẹ̀. O ò ṣe nǹkan kan, èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n bi." Ṣé ẹ mọ̀ pé bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́, ńṣe ni òun náà kúnlẹ̀? Àwa méjèèjì wà nílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò òfìfo, mi ò mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ dìde. Mo sunkún díẹ̀. Mo sọ pé èéfín ni.

Ní ọ̀nà ilé ni ọgbọ́n ti dé. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé apẹ̀rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú kan, mo sọ fún àwọn ọmọ pé ilé kan nìyí, ìyá mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Èyí ni Ìyá Oúnjẹ, èyí ni Ìyá Aṣọ, èyí ni Ìyá Ohun Èlò. Kò sí èyí tó fẹ́ kí ẹrù ẹnìkejì bọ́ sínú tirẹ̀, torí náà, ẹ pín in fún wọn kí ìjà má dé. Mi ò wo ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n mo rí i tó nà gàn-ùn. Nígbà tó kàn án, ó dìde, ó mú ṣíbí, ó dúró díẹ̀, ó gbé e fún Ìyá Ohun Èlò. Ó mú gèlè, ó gbé e fún Ìyá Aṣọ. Kò ṣi ẹyọ kan. Mo pàtẹ́wọ́ débi pé ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹnu rẹ̀ ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Wọ́n jiyàn lórí omi lọ́jọ́ kan. Àwọn kan ní ti Ìyá Oúnjẹ ni, torí à ń mu ún. Àwọn kan ní ti Ìyá Ohun Èlò ni, torí a fi ń fọ abọ́. Ariwo pọ̀. Òun ló na ọwọ́, ó ní, "Omi ò ní ìyá kankan, mà. Àmù kan ṣoṣo ni gbogbo ilé máa ń ní." Mo ní kí wọ́n gbé omi sílẹ̀ láàárín.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ló ṣòro fún un jù. Ó mọ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń tijú láti sọ ìyókù jáde. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn tí agogo bá lù, àwa méjèèjì á jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn kíláàsì, a ó sọ abẹ̀bẹ̀, a ó sọ ọsàn, a ó sọ ọkọ́. Mò ń fún un ní àkàrà lé e lórí. Kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀ o.

Ọjọ́ pé. Ọ̀gá àgbà pè é sí ọ́fíìsì, ó ní kí èmi náà wọlé, ṣùgbọ́n kí n dúró lẹ́yìn, kí n má ṣe mira. Ìyá rẹ̀ wà níta lábẹ́ igi, ó ti wà níbẹ̀ láti aago méje. Mo rò pé àwòrán ni ọ̀gá máa lò. Ó tì o. Ó ṣí báàgì ara rẹ̀, ó kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì: kọ́kọ́rọ́, bírò, òòyà, gèlè, aṣọ ìnujú, ọsàn, búrẹ́dì tí wọ́n fi bébà wé. Ó ní, "Ṣà wọ́n sí ẹgbẹ́ wọn."

Ọmọ náà wò wọ́n. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì wọ́ gbogbo wọn jọ sójú kan. Òkìtì kan ṣoṣo.

Mo mọ ohun tó rí. Nínú báàgì kan náà ni wọ́n ti jáde, ti ẹnì kan náà ni wọ́n. Ọ̀gá gbójú sókè wò mí bí ẹni pé, Àbí o rí i? Mo ń wí nínú mi pé, Ọlọ́run, ẹ má jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ti yín ni gbogbo rẹ̀?"

Ọ̀gá ní, "Tèmi ni. Ti ta ni ì bá jẹ́?"

Ó mi orí, ó yé e pé kì í ṣe ẹni tó ni wọ́n ni ọ̀gá ń béèrè. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n láti inú òkìtì yẹn. Ọsàn àti búrẹ́dì. Gèlè àti aṣọ ìnujú. Kọ́kọ́rọ́, bírò, òòyà. Ó tò wọ́n dáadáa, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Mo mí.

Ọ̀gá gbé kọ́kọ́rọ́ sókè. "Kí nìyí?"

"Kọ́kọ́rọ́ ni ohun èlò tí a fi ń ṣí ilẹ̀kùn."

"Ọsàn?"

"Ọsàn ni èso tí a máa ń bó kí a tó mu ún."

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Ìyẹn lẹ ti jọ há sórí. Ẹ jẹ́ kí n bi í ní èyí tí ẹ ò jọ há." Ó jókòó dáadáa, ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ lórí tábìlì. "Kí ni tíṣà?"

A ò sọ tíṣà rí. A ò tiẹ̀ débẹ̀. Ọmọ náà wo ọ̀gá, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Tíṣà ni ènìyàn," ó sì dákẹ́. Mo ń retí pé kó sọ pé ènìyàn tó ń kọ́ni níwèé, kí gbogbo wa máa lọ sílé. Ó wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n: "Tíṣà ni ènìyàn tó máa ń na ọmọ nílé ìwé, tí á wá lọ bẹ̀ ẹ́ nílé."

Ọ̀gá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Tí á lọ ṣe kí ni? Ta ni tíṣà tó ń bẹ ọmọ?"

Ọmọ náà gbójú sókè. Ó kàn wò mí, bó ṣe máa ń wò mí.

"Ìyẹn ò tọ̀nà," ni ọ̀gá wí. "Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó kàn ń sọ ohun tó bá ti wá sí i lẹ́nu ò tíì mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀." Ó na ọwọ́ sí bírò rẹ̀, kì í ṣe ìwé kíláàsì kejì ló sì fà mọ́ra.

Ẹ wò ó, ìtìjú mú mi, òógùn bò mí. Ká ní mo dákẹ́, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà, kí ni kì í sọ? Kí n dákẹ́ kí iyì mi wà lára mi, kí òun sì máa lọ fọ aṣọ ọmọ ọlọ́mọ l'Ékòó nítorí pé ó sọ òótọ́.

Mo kúrò níbi tí wọ́n ní kí n dúró sí. Mo ní, "Ó tọ̀nà, mà. Èmi ni. Mo nà án láìṣẹ̀, mo sì lọ bẹ̀ ẹ́ nílé wọn. Mo kúnlẹ̀."

Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́. Ọ̀gá gbé gíláàsì rẹ̀ padà sójú, ó ti ìwé tó fà mọ́ra sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ṣí ti kíláàsì kejì.

Ó ní, "Ìtumọ̀ rẹ̀ pé, nígbà náà." Ó bi í léèrè orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó sì kọ ọ́.